Ìyókù Dọwọ́ Ọnọrébù

Ní Òkè-Àgbàrá, mọ́tò la kọ́kọ́ ń kí kí a tó kí ènìyàn. Kì í ṣe àṣà àwọn baba wa o. Àwọn baba wa kò ní mọ́tò. Òfin Ọnọrébù Lawrence Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ni, kánsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní káńsù wa. Ó pàṣẹ pé bí mọ́tò dúdú òun bá ti ń kọjá, kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé dúró ṣánṣán, kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí wọ́n sì wí pé, "Ẹ kú ìrìn, Ọnọrébù." Lọ́jọ́ tí mọ́tò náà yọnu, tí wọ́n ń fi okùn wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Òrò, tí kò sí ohun kan lórí àga ọlọ́lá ẹ̀yìn àfi bàtà ẹsẹ̀ kan, àwọn ọmọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kí i. Olùkọ́ kan tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà gba ìwé ìbáwí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa.

Ẹ má bínú sí mi bí ohùn mi bá le. Ọnọrébù yìí kì í ṣe olè, mo fẹ́ kí èyí yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí olè rọrùn láti mú. Ohun tó ń ṣe é ni pé ó gbà pé bí òun bá tòògbé, ayé náà á tòògbé. Ó ní kí wọ́n to bíríkì sábẹ́ àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì kó lè ga ju àlejò lọ, tó fi jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ buwọ́ lùwé, á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo inú kànga. Akọ̀wé rẹ̀, Mubashir, ló máa ń pe oyè rẹ̀ kí àlejò tó jókòó: Ọnọrébù, Alàgbà, Olóyè, Ọ̀rẹ́ Àwọn Olùkọ́, Àtùpà Ètò Ẹ̀kọ́. Oyè tó kẹ́yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò sí.

Lọ́dún tó kọjá, ìjì ṣí òrùlé kíláàsì mẹ́ta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Àǹtí Rúùtù Adéoyè, kọ lẹ́tà sí Ọnọrébù lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìkẹta, Ọnọrébù wá fúnra rẹ̀. Ó dúró láàárín kíláàsì, ó gbójú sókè wo ọ̀run, ó mi orí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ri òpó méje mọ́ iwájú ilé-ìwé, kí wọ́n ta àsíá orílẹ̀-èdè méje sí i, kí aráyé lè mọ̀ pé Òkè-Àgbàrá ti ṣe tán. A kò mọ ohun tí a ṣe tán fún. Àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níta, àwọn ọmọ ń fi ìwé borí nínú ilé. Mubashir ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà.

Inú ilé-ìwé tí òjò ń wọ̀ yìí ni Asisat ti jáde. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ìyá rẹ̀ ń yan gaàrí lẹ́yìn mọ́sálásí, bàbá rẹ̀ ti kú. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣewọlé gírámà jáde, òun ló ṣe ipò kìíní nínú gbogbo ilé-ìwé tó wà lábẹ́ káńsù. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé gírámà tí kò gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, èyí tó sún mọ́ wa, kò tíì rí olùkọ́ ìṣirò láti ọdún mẹ́ta, ìṣirò sì ni ayé Asisat. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Ṣàrẹ́ ti sọ tirẹ̀ láìfi bò: bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ náà kò rí ilé-ìwé gidi wọ̀, kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wá, kí ó máa bá ìyàwó òun ta ìrẹsì lọ́jà. Ìyá Asisat ò lè bá ẹbí ọkọ jà. Ọlọ́run nìkan ló ń wò.

Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó ló dáhùn. Alága wọn, Àlhájì Àhmádù Sheriff tó ń ta táyà, kó wọn jọ, wọ́n dá mílíọ̀nù méjì àti irínwó ẹgbẹ̀rún náírà, wọ́n ní kí wọ́n fi rán ọmọ tó bá gba ipò kìíní lọ sí ilé-ìwé aládàáni tó dáa títí yóò fi jáde. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Rúùtù ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ sí. Ọnọrébù ló gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, tó fi wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣàlàyé pé owó ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ kankan kọjá àfi ọwọ́ Àtùpà. Mo rò pé nítorí kí etí wọn lè sinmi ni wọ́n ṣe gbà.

Síbẹ̀, Àǹtí Rúùtù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ wo ilé-ìwé mẹ́ta, ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ó wo yàrá sáyẹ́ǹsì wọn, ó bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé eléépo búlúù kan, ó gbé e wá sí ọ́fíìsì Ọnọrébù. Ó ṣàlàyé pé iye tí ilé-ìwé bá kọ sára pátákó kì í ṣe gbogbo owó. Owó fọ́ọ̀mù wà, owó àkọ́wọlé tí a kì í san lẹ́ẹ̀mejì wà, owó sáà kọ̀ọ̀kan wà, aṣọ wà, ìwé wà, owó ìdánwò àṣekágbá wà. Ó ní ó yẹ kí a bèèrè èyí tó máa ń lọ sókè lọ́dọọdún, kí a sì bèèrè èyí tí wọ́n á dá padà bí ọmọ kò bá lọ mọ́. Ó ti bèèrè gbogbo rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọ kan ní Ọ̀mù-Àrán ló dára jù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà ní sáà kan, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn ò ní bù lé e fún ọmọ tí ìlú rán wá. Sáà méjìdínlógún ni ọdún mẹ́fà, owó Èkó ká a, ó sì tún ṣẹ́ kù tó máa tó fún aṣọ, ìwé àti ìdánwò. Ohun kan ṣoṣo tí kò rí ojútùú rẹ̀ ni bí ọmọ náà yóò ṣe máa dé Ọ̀mù-Àrán lójoojúmọ́. Ó kọ "ọkọ̀" sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó sì fi àmì ìbéèrè sí i.

Ọnọrébù gbọ́ gbogbo èyí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú tí kò dé rí.

"Géètì wọn ńkọ́?" ló bi í.

Àǹtí Rúùtù ní géètì wà, ó ń ṣí, ó ń tì.

"Ta ló ń ṣí i?"

"Bàbá ọlọ́dẹ kan ni, sà."

Ọnọrébù wo Mubashir, Mubashir sì mí kanlẹ̀ fún un. Ọnọrébù ní ó ṣe òun láàánú pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣì ń ro ìrònú abúlé. Ó ní ọmọ tí òun bá fi ọwọ́ òun yàn kò lè gba ẹnu géètì tí bàbá arúgbó ń fi ọwọ́ tì wọlé. Ilé-ìwé àgbáyé ló máa lọ, òun fúnra òun ló sì máa yàn án.

Èyí tó yàn wà lẹ́yìn Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Onígéètì, nítorí ilé-ìwé náà ò ṣẹ̀ mí. Ó ń ta ohun tó ní fún ẹni tó wá rà á. Mọ́tò mẹ́ta ni Ọnọrébù kó lọ. Méjì nínú rẹ̀, yíyá ni, ọ̀kan nínú méjì yẹn sì jẹ́ ti ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ẹja yìnyín, òórùn rẹ̀ ò jẹ́ kí a purọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, géètì ńlá náà ṣí fúnra rẹ̀, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, láìsí ènìyàn nítòsí. Ọnọrébù ní kí dírẹ́bà fi ẹ̀yìn rìn jáde, kí ó tún wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe yan ilé-ìwé nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé mi; kò wo kíláàsì kan.

Akápò ilé-ìwé náà, ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Caroline, gbé ìwé owó fún un, ojú ewé mẹ́rin. Ọnọrébù ká a sí méjì, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò ní ló ń ka iye. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá. Fọ́ọ̀mù náà bèèrè bóyá ọmọ ilẹ̀ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọmọ tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ọnọrébù bèèrè ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìyáàfin Caroline ní àwọn ọmọ òkè òkun ní ilé ibùsùn tiwọn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n máa ń bá ọ̀gá àgbà jẹun ní ọjọ́ Jímọ̀, bí àwọn èèyàn wọn bá sì wá kí wọn, iwájú gan-an, lábẹ́ ìbòòji, ni mọ́tò wọn máa ń dúró. Mọ́tò àwọn tó kù, ẹ̀yìn odi ni.

Nígbà tó gbọ́ ti mọ́tò, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó fa ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ sí òkè òkun.

Ìyáàfin Caroline jẹ́ ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó rọra ní, "Sà, ṣé òkè òkun ni ọmọ náà ti ń bọ̀ lóòótọ́? Owó tiwọn yàtọ̀ o. Ó wà lójú ewé kẹrin, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

Ọnọrébù gbé ọwọ́ sókè. "Màdámù, èmi ni ẹ fẹ́ máa ka iye fún? Ẹ kọ ohun tí mo kọ."

Ó buwọ́ lù ú, ó kó gbogbo mílíọ̀nù méjì àti irínwó ẹgbẹ̀rún lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Nínú ọkàn tirẹ̀, owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí kò tíì rí irú rẹ̀ lójú kan rí, kò sí ilé-ìwé tó lè jẹ ẹ́ tán. Ó tilẹ̀ ń ro ṣéńjì.

Wọ́n fi lẹ́tà ìgbàwọlé, pẹ̀lú ìwé owó tí wọ́n so mọ́ ọn, lé Asisat lọ́wọ́ níwájú àsíá méje. Ọ̀rọ̀ tí Ọnọrébù sọ lọ́jọ́ náà gba wákàtí kan. Ọmọ mẹ́rin dákú nínú oòrùn, ó sì ní ayọ̀ ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ kan ni mo fi fa àgbáyé wọ Òkè-Àgbàrá. Ẹ wò ó, ọwọ́ kejì mi ṣì ṣófo." Mubashir pàtẹ́wọ́ títí aago rẹ̀ fi já bọ́. Ìyá Asisat kúnlẹ̀ dúpẹ́, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ti ra àpótí onírin kan ní Òrò, ó kun orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i lára.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló gbé lẹ́tà náà tọ Àǹtí Rúùtù lọ, kí wọ́n bá òun kà á. Àǹtí Rúùtù kà á dé ojú ewé kẹrin, ó tún padà sí ojú ewé kìíní. Ó rí i pé wọ́n kọ Asisat sílẹ̀ bí ọmọ òkè òkun. Ó rí iye owó ọdún kan. Ó tún rí i pé bí ọmọ náà kò bá mú ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè mìíràn wá, wọn kò ní gbà á wọlé rárá, owó tí wọ́n sì ti san ti wọlé nìyẹn. Àyàfi bí ẹni tó buwọ́ lù ú bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, pé ohun tí òun sọ kì í ṣe òtítọ́. Nígbà náà ni wọ́n máa dá gbogbo rẹ̀ padà. Kò sọ fún ìyá náà bí ọ̀rọ̀ ṣe rí tán. Ó pe ilé-ìwé Ọ̀mù-Àrán. Wọ́n ní àwọn á di àyè Asisat mú títí di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìlú, lẹ́yìn ìyẹn àwọn á fún ẹlòmíràn.

Ó lọ bá Ọnọrébù. Ó dúró kí Mubashir pe gbogbo oyè tán, ó ní kí ó jọ̀ọ́ jáde, ó sì kúnlẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. "Ọnọrébù, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Lẹ́tà kékeré kan ni. Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí mo fi máa kú."

Ẹ fi etí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Obìnrin yìí ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un kí ó gba ibẹ̀ yọ láìsí ẹni tó máa rí i. Àwa ọmọ Ìgbómìnà máa ń wí pé ogbó ló mọ̀nà, pé àdá baba wa ló ṣáájú wọn nínú igbó. Ogbó Ọnọrébù kò mọ ibì kankan. Ó bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí Àtùpà Ètò Ẹ̀kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ṣe àṣìṣe. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìwé ìgbésípò ti tẹ Àǹtí Rúùtù lọ́wọ́: wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé kan lẹ́yìn odò, tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta àti ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà.

Ọjọ́ Ìlú wá bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá náà. Ẹni tí kì í ṣe ará Òkè-Àgbàrá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un nípa Ìwé Ìlérí. Níbi ìkówójọ wa, ẹni tó bá ṣèlérí níwájú Olókè, ọba wa, orúkọ rẹ̀ àti iye tó pè á wọ ìwé ńlá kan. Ìwé náà kì í gba ìlérí tí kò ní iye. Bí ọdún bá yí po tí kò tíì mú un ṣẹ, wọ́n á ka orúkọ rẹ̀ sétí gbogbo ìlú kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò sì ní dáwọ́ dúró nítorí pé ó kú. Télọ̀ kan wà tó ṣèlérí ogún àpò sìmẹ́ǹtì kí wọ́n tó bí mi. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi kà á, títí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ti ilé ọkọ gbé sìmẹ́ǹtì wá. Ní ìlú wa, a kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá tó bẹ́ẹ̀.

Àgọ́ kún. Ọnọrébù ti pe Ìyáàfin Caroline wá jókòó sí tábìlì iwájú, kí ìlú lè rí irú àwọn tí òun ń bá jẹ. Nígbà tí Àlhájì Àhmádù Sheriff dìde tó bèèrè bí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n dáwó fún ṣe jẹ́, Mubashir fi gbogbo oyè márùn-ún dáhùn, ó sì fi méjì tuntun kún un. Àwọn obìnrin ìjọ kọrin. Ọnọrébù dìde. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun náà ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní owó tí àwọn ará Èkó dá dára, ṣùgbọ́n owó ọmọdé ni. Ó wá na ìka sí Ìwé Ìlérí.

"Ìyókù owó ọmọ yìí, láti òní títí yóò fi jáde, èmi Lawrence ni yóò san án. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìlú pariwo. Akọ̀wé Ìwé Ìlérí ṣí gègé rẹ̀, ó ní, "Èló ni ìyókù náà, Ọnọrébù?"

Ọnọrébù rẹ́rìn-ín sí Ìyáàfin Caroline, ó ní kí ó bá òun sọ owó kékeré yẹn fún wọn. Akápò kì í rìn láìmú ìwé owó dání. Ó dìde, ó wo Ọnọrébù lẹ́ẹ̀kan, bóyá ó fẹ́ kí ó ronú. Ọnọrébù mi orí fún un bí ọba. Ó wá kà á: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́dún kan, ọdún mẹ́fà, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún dọ́là. Bí a bá yọ èyí tí wọ́n ti san kúrò, ó ku mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún náírà àti díẹ̀.

Akọ̀wé Ìwé Ìlérí kọ ọ́ sílẹ̀. A gbọ́ bí gègé rẹ̀ ṣe ń ha lórí ìwé.

Àlhájì Sheriff bèèrè ohun tó fa dọ́là. Ìyáàfin Caroline ní nítorí pé ọmọ òkè òkun ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọnọrébù na ọwọ́ sí Mubashir, ó ní akọ̀wé òun ló kọ ìkọkúkọ. Mubashir, tó ti fi ọdún mẹ́rin pariwo oyè ọlọ́yè, gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ akápò, ó sì fi ohùn kan náà kà á ketekete dé ibi tí Ọnọrébù buwọ́ lù. Kò fi oyè kan sílẹ̀.

Ìyá Asisat ló dìde lẹ́yìn náà, láàárín àwọn obìnrin. Kò pariwo. Ó ní, "Ọnọrébù, ẹ má bínú. Ọmọ mi ò tíì kọjá Òrò rí. Òkè òkun wo ló ti wá?"

Mo ti gbọ́ ẹ̀rín rí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú èyí rí. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó dé iwájú, ó kọlu àwọn olóyè. Olókè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Asisat náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àpótí onírin tí ó ti gbé wá kí wọ́n lè bá òun gbàdúrà sí i. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi.

Kábíyèsí bèèrè bóyá ọ̀nà wà. Wọ́n ní kí Àǹtí Rúùtù sọ̀rọ̀, ó sì sọ ti lẹ́tà, ti ọjọ́ mẹ́rìnlá tó máa pé lọ́la, àti ti Ọ̀mù-Àrán tí àyè máa bọ́ lọ́jọ́ Ajé. Kò sọ pé òun ti kúnlẹ̀ rí. Olókè ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Bí Asisat bá jẹ́ ọmọ òkè òkun, iye tó wà nínú ìwé wà lọ́rùn Ọnọrébù, wọn á sì máa kà á títí kan àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Òkè-Àgbàrá, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, níbí, nísinsìnyí, kí akápò gbà á.

Wọ́n gbé tábìlì kan síwájú rẹ̀. Kò sí bíríkì lábẹ́ àga yẹn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó kọ kún ojú ewé méjì: oyè rẹ̀ gba ìdajì, ìyókù sọ nípa ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Adúláwọ̀. Àǹtí Rúùtù yọ bírò pupa láti inú báàgì rẹ̀, ó fa ìlà lé e láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí ó tún un kọ. Nínú ìkejì, ó kọ pé àwọn ọ̀tá ìtẹ̀síwájú ló da fọ́ọ̀mù náà rú. Ìlà pupa. Òógùn ti bo ojú rẹ̀. Ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bèèrè pé kí ni kí òun kọ.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, sà," ni Àǹtí Rúùtù wí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta.

Ìkẹta ni Àǹtí Rúùtù gbà, ó sì ní kí Ọnọrébù kà á sókè. Ó kà á: "Ọmọ Òkè-Àgbàrá ni Asisat. Mo kọ ọ́ pé òkè òkun ni ó ti wá, irọ́ ni. Mo fẹ́ kí mọ́tò mi máa dúró sí iwájú ni. N kò ka ìwé owó náà."

Ìyáàfin Caroline gbà á, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó ní owó á padà lọ́jọ́ Ajé. Ọnọrébù nu ojú, ó fẹ́ dìde. Akọ̀wé Ìwé Ìlérí wá gbójú sókè, ó ní òun ti fagi lé iye ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìlérí ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n fún òun ní iye tuntun. Olókè wo Àǹtí Rúùtù. Ó ní, "Ìyókù ló pè é. Kí ló kù?"

Àǹtí Rúùtù ṣí ìwé eléépo búlúù náà dé ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn.

"Ọkọ̀ ló kù, Kábíyèsí. Òkè-Àgbàrá sí Ọ̀mù-Àrán, àlọ àti àbọ̀, ọdún mẹ́fà."

Wọ́n kọ ọ́.

Kí oṣù tó parí, alága káńsù ti ní kí Ọnọrébù lọ sinmi. Dírẹ́bà bá owó oṣù lọ. Mubashir ń pe oyè fún kánsẹ́lọ̀ tuntun, mo gbọ́ pé wọ́n ti di mẹ́jọ. Àǹtí Rúùtù ṣì wà lẹ́yìn odò, kò sí ẹni tó rántí dá a padà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti di méjìlélógún, wọ́n sì ti lé àwọn ewúrẹ́ jáde. Òrùlé kíláàsì mẹ́ta náà, a ṣì ń retí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí sáà bẹ̀rẹ̀, Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò dúdú dé ẹ̀yìn mọ́sálásí. Asisat wọlé, ó jókòó sí àga ọlọ́lá ẹ̀yìn, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Òfin kíkí mọ́tò ṣì wà, kò sẹ́ni tó fagi lé e. Nígbà tí wọ́n kọjá níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ àsíá méje, gbogbo àwọn ọmọ dúró ṣánṣán, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọkùnrin náà rí wọn. Ó gbé ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárì láti dá wọn lóhùn.

"Asisat," ni wọ́n wí, "o kú ìrìn o."

Ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà sórí sítíárì, ó sì wa ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé.